Bí Ààrò Ṣe Di Mẹ́ta

Nígbà láéláé, nígbà tí òkúta ṣì ń sọ̀rọ̀, tí inú sì máa ń bí i, òkúta méjì péré ni wọ́n fi ń ṣe ààrò.

Nínú ilé ìdáná Àwẹ̀ró, Gbọingbọin ni òkúta kan ń jẹ́, Kìrìbìtì ni èkejì. Ìkòkò ọbẹ̀ ló ń jókòó lórí wọn, ara a sì máa tù ú.

Ní ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró gbá eérú. Ó nu Kìrìbìtì, ó ní, "Ààrò mi àtàtà!" Kò rántí nu Gbọingbọin. Àṣìṣe kékeré ni, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún òkúta?

"Ṣé ìwọ nìkan lò ń gbé Ìkòkò ni?" ni Gbọingbọin bi Kìrìbìtì.

"Ìlara ló ń ṣe ọ́," ni Kìrìbìtì dá a lóhùn.

Bí wọ́n ṣe kẹ̀yìn síra wọn nìyẹn. Ẹ̀yìn òkúta kò sì tẹ́jú bí iwájú rẹ̀. Ìkòkò yọ̀ tẹ̀rẹ́, ọbẹ̀ dà sínú iná, àwọn ọmọ Àwẹ̀ró fi ebi sùn. Etí Ìkòkò ṣán.

Ẹ̀rù ba Ìkòkò gan-an. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, ẹ parí ìjà yìí. Bí mo bá tún ṣubú, àpáàdì ni mo dà yẹn o!"

"Kí ó kọ́kọ́ bẹ̀ mí," ni àwọn méjèèjì wí.

Ní ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kaná, ó lọ pọn omi. Ìkòkò tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Ó figbe ta: "Ẹ gbà mí o!"

Òkúta kékeré kan tí àwọn ọmọ fi ń pa èkùrọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ iná rí. Ó yí gbirigbiri wọlé, ó ki ara bọ abẹ́ Ìkòkò. Iná jó o, ṣùgbọ́n kò kúrò.

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, n kò lè dá a gbé! Ẹ yíjú padà!"

"Èmi kò ní kojú sí Kìrìbìtì láéláé," ni Gbọingbọin wí.

"Èmi náà kò fẹ́ rí i," ni Kìrìbìtì wí.

"Ta ló ní kí ẹ kojú síra yín? Èmi àbúrò yín ni kí ẹ kojú sí!"

Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n, wọ́n yíjú sí i. Àfi bí wọ́n ṣe rí i pé àwọn ti ń wo ara wọn lójú!

"Háà! Ojú rẹ mà dúdú o," ni Kìrìbìtì wí.

"Tìrẹ ńkọ́, tó dà bí ìdí ìkòkò?"

Ni ẹ̀rín bá pa wọ́n. Wọ́n rín títí ìjà fi tán nínú wọn. Ìkòkò dúró digbí, ọbẹ̀ ń hó, òórùn rẹ̀ gba àdúgbò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ jẹun yó, wọ́n tún lá ọwọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ààrò ti di mẹ́ta, tí wọ́n ń kojú síra wọn, tí ojú wọn sì dúdú. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ń sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìkòkò etí-ṣíṣán kò sì ṣubú mọ́.