Aṣọ Pupa Inú Ẹrù Opó

Ọkùnrin kan wà tó ń tukọ̀ fún ọlọ́kọ̀ kan. Ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ló ń ṣe, kì í fi tirẹ̀ kún un. Òfin ọ̀gá rẹ̀ kò sì le: ibi tí o bá ti rí aṣọ pupa, ẹrù ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ibi tí o bá ti rí òmíràn, ó parí síbẹ̀. Ohun tó bá wà láàárín méjèèjì, má fọwọ́ kàn án. Ohun tó bá wà níta wọn, ti ọkọ̀ ni. Bó bá jẹ́ igi, fi dáná. Bó bá jẹ́ oúnjẹ, sè é.

Opó kan kó ẹrù wá, ó ní òun yóò bá ọkọ̀ ọjọ́ kejì bọ̀. Ó tẹ́ aṣọ pupa síwájú ẹrù, ó tẹ́ òmíràn sẹ́yìn. Ẹní rẹ̀ ló kọ́kọ́ tò, ìró pupa tó rà fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni agbọ̀n èbù iṣu. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ebè tán. Kò ní èbù mìíràn.

Atukọ̀ rí aṣọ pupa, ó rí ẹní, ó tún rí pupa. Ó ní ẹrù ìyá yìí parí nìyẹn. Nígbà tí ebi dé, iṣu ló rí níta aṣọ. Ó sè é, ó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Aṣọ pupa kan ṣì kù lẹ́yìn agbọ̀n tí kò ní èkejì. Ẹrù ta ni èyí bẹ̀rẹ̀? Ibo ló parí sí? Ó wá èkejì títí dé ìdí ọkọ̀, orí rẹ̀ dàrú pátápátá.

Nígbà tí opó dé èbúté tó bá agbọ̀n tó ṣófo, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Atukọ̀ dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ má bínú, ìyá. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe. Níbo ni mo ti ṣìṣe?”

Ó dun atukọ̀ wọra, síbẹ̀ kò yé e.

Ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má kó aṣọ pupa sínú ẹrù mọ́. Opó wò ó.

“Ṣé nítorí ọkọ̀ yín ni ọmọ mi ò ṣe ní ró pupa mọ́?”

Ojú ti ọ̀gá. Ó wá ní bí pupa bá wà nínú ẹrù, kí wọ́n so òmíràn mọ́ ọn. Bí atukọ̀ bá rí méjì tó so pọ̀, ẹrù ni, kó kọjá. Ẹyọ kan lòpin. Atukọ̀ kò ṣìṣe mọ́. Ṣùgbọ́n igbó ló hù lóko opó lọ́dún náà.

Ìwọ tí ò ń kọ ìbéèrè, ìyẹn àṣẹ, sí dátábéèsì tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, ìwọ ni mò ń bá wí. Àmì àyọlò (') tí o fi yí ọ̀rọ̀ ká ni aṣọ pupa, dátábéèsì ni atukọ̀. Bí oníbàárà rẹ bá ń jẹ́ D'Almeida, àmì inú orúkọ rẹ̀ ni ìró ọmọ opó. Má ní kó yí orúkọ bàbá rẹ̀ padà. Kọ àmì náà ní méjì. Tàbí, èyí tó sàn jù, má da ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ àṣẹ rárá, fi lé dátábéèsì lọ́wọ́ lọ́tọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó yẹ kó pa mọ́ ni yóò gbà bí àṣẹ, yóò sì ṣe é tọkàntọkàn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Atukọ̀ tìrẹ kì í ṣe ọmọlúwàbí. Odindi ni kí o sọ fún un.