Ọ̀nà Tí Akínṣọlá Ó Gbà Dé Ìdànrè

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tí wọn ò sọ ni bí èèyàn ṣe ń mú ọ̀kan níbẹ̀.

Akínṣọlá ará Ìbàdàn fẹ́ lọ bá ìyá rẹ̀ jẹ iṣu tuntun lábúlé, lẹ́yìn Ìdànrè. Ìyá ò ní fẹnu kan iṣu náà àfi bí àkọ́bí rẹ̀ bá kọ́kọ́ jẹ. Ṣùgbọ́n Akínṣọlá ní òun ò sáré, òun fẹ́ rọra máa wo òkè àti igbó lọ. Ló bá tẹ́ àwòrán ọ̀nà sórí tábìlì.

"Ká gba Iléṣà. Òkè pọ̀ níbẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀, Mosúnmọ́lá, ní, "Bàbá Dékẹ́mi, ṣé a ó gba ẹnu ọ̀nà àbúrò bàbá yín kọjá láìyà kí wọn?"

"Bí a bá yà, ibẹ̀ la ó sùn. Ká gba Ìjẹ̀bú-Òde."

"Àwọn àna yín ńkọ́?"

"Oǹdó ńkọ́?"

"Alárenà wa ń bẹ níbẹ̀. Ẹ ti gbàgbé wọn?"

Bí wọ́n ṣe ń pètò nìyẹn títí oṣù fi lé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá fúnra rẹ̀ kanlẹ̀kùn, iṣu lọ́wọ́.

"Jẹ, kí n lè jẹ."

Akínṣọlá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ọ̀nà, Ìyá mi. Ọ̀nà wo lẹ gbà?"

"Mo sùn. Dírẹ́bà ló mọ̀."

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ìyá ní, "Ọ̀la lẹ ó gbé mi padà sílé."

Tọkọtaya wo ara wọn. Akínṣọlá tún tẹ́ àwòrán ọ̀nà.

Ìyá ṣì wà n'Ìbàdàn.