Ààlè Tí Ọ̀gá Ṣàbí Fọwọ́ Ara Rẹ̀ So

Ọdún tí òjò pẹ́ rọ̀, tí a gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì, ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí. Ìbídùn ará Ṣakí ṣe ẹ̀rọ mẹ́rin tí ń fi bátìrì wọn òjò àti atẹ́gùn fúnra wọn, ó kó wọn kọjá ibodè, ó sì gbé wọn nàró lórí òpó mẹ́rin ní oko òwú Ọ̀gá Ṣàbí ní Ṣábẹ. Ọ̀gá ní, "O ní wọn ò nílò olùtọ́jú. Kò sọ́gbà, kò sọ́dẹ, fún ọjọ́ méje. Bí bátìrì kan bá sọnù, mo gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́fẹ̀ẹ́; bí wọ́n bá pé, mo san owó wọn." Ìbídùn kó àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín wá síwájú àwọn àgbà abúlé. "Bàbá, ẹ ò sọ pé kò sí ààlè. Onílẹ̀ ní í so ó. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n jí bátìrì ni?" Gbogbo ojú yí sí Ọ̀gá. Ó so ààlè mọ́ òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fẹnu ara rẹ̀ ṣépè fún ẹni tó bá fọwọ́ kan bátìrì. Lọ́jọ́ kẹta, ó pe òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì pé, "Ẹ lọ tú bátìrì kan wá." Wọ́n ní, "Èpè yẹn ńkọ́, Ọ̀gá?" Ó ní, "Kò kàn yín." Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti sọ fún èpè bẹ́ẹ̀? Ẹ ṣáájú, a ó tẹ̀ lé yín." Ó dé ìdí òpó, ó wò ó títí, ó ní oòrùn mú jù, ó sì yíjú padà. Ó lé àwọn méjèèjì lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ keje, bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Ohun tó sọnù lóko Ọ̀gá kò ju òṣìṣẹ́ méjì lọ. Wọ́n bá Ìbídùn lọ sí Ṣakí.