Kòkòrò Inú Abọ́ Baálẹ̀

Láàárín òjò ọdún kan, ẹsẹ̀ àwọn ará abúlé wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹni tó mu omi lásán ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, àwọn mìíràn kò sì lè dé oko mọ́. Ni Baálẹ̀ bá pe ìpàdé. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa lásìkò òjò, abọ́ kòkòrò sányán díndín ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. A ń jẹ, a ń jiyàn.

“Òpó fóònù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sí abúlé wa yẹn ló fà á,” Baálẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Àwọn ará òkè odò ló ń ṣe wá,” Akínsìndé ọdẹ fèsì.

Ìyàwó alágbẹ̀dẹ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mì. “Ẹ má bínú, Bàbá. Ìdí òpó yẹn gan-an nilé wa wà, kò sì sí ẹni tó ń gbọ̀n níbẹ̀. Kòkòrò jíjẹ nìkan ni a kì í bá yín ṣe, èèwọ̀ ilé wa ni. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.”

Gbogbo wa dẹ́kun jíjẹ. Akínsìndé rọra gbé abọ́ sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. A wá yíjú sí Baálẹ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì kún. Ó ronú díẹ̀, ó gbé e mì.

“Ó dáa, a ò jẹ ẹ́ mọ́,” ló wí. “Àmọ́ kí wọ́n ṣáà hú òpó yẹn náà.”