Ọjọ́ Tí Wọ́n Sọ Òrìṣà Kalẹ̀ Sọ́jà

Lọ́jọ́ ọdún ní Íjíbítì àtijọ́, èjìká ni wọ́n fi ń gbé ère òrìṣà Ámónì yí ìlú ká. Búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ ọ́ ni àwọn tó gbé e sì ń jẹ.

Lọ́dún kan, wọ́n dé ọjà, àwòrò òrìṣà náà ní wọn ò ní jẹ ẹ́: “Òrìṣà là ń sìn, a ò sin ikùn yín.”

Páṣédù, olórí àwọn tó gbé ère, ní kí wọ́n sọ ère kalẹ̀. “Bàbá, òrìṣà yín rèé. Ẹ ní kó máa rìn.”

Àwòrò tì í títí, kò mì. Oòrùn ń pa òrìṣà, ará ìlú ń wò. Àwòrò fúnra rẹ̀ ló padà ru búrẹ́dì wá.

Páṣédù jẹ tirẹ̀ tán, ó nu ẹnu. “Bàbá, bí kò sí ènìyàn, kò sí òrìṣà. Ó yá, ẹ gbé èjìká tiyín náà wá.”