Ilé Ayálégbé Lórí Ààtàn

“Láóyè, bí o bá fi owó tí ìyá wa fi sílẹ̀ kọ́lé ayálégbé sórí ààtàn yìí, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́!”

Àṣàbí ló ń lọgun bẹ́ẹ̀ mọ́ àbúrò rẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò. Ẹ̀yin náà kúkú ti gbọ́ ọ rí pé, à ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀. Ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ìjà ọjọ́ yìí ni.

Àwọn méjèèjì ni ìyá wọn fi owó kòkó sílẹ̀ fún, pé kí wọ́n fi kọ́lé tí yóò máa bọ́ wọn dọjọ́ ogbó. Àṣàbí ti rí ilẹ̀ kékeré kan lẹ́bàá ìdíkọ̀ réluwéè, níbi tí àlejò ti ń sọ̀kalẹ̀ tẹrùtẹrù, tí wọ́n ń bèèrè yàrá kí wọ́n tó bèèrè omi. Láóyè ní ó há, ó tún wọ́n. Ààtàn ìsàlẹ̀ ìlú ló wù ú ní tirẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, yàrá mẹ́wàá ni ibí yìí máa gbà!”

“Ta ni yóò gbé e? Eṣinṣin? Ṣé eṣinṣin ń sanwó ilé ni?”

“Ẹ ò kàn fẹ́ kí n là ni! Ẹ fún mi ní ìpín tèmi.”

Kí Àṣàbí tó dáhùn, àṣá já wálẹ̀ sáàárín àwọn òròmọdìẹ tó ń jẹ̀ lórí ààtàn. Àṣàbí sáré gbé ọ̀kan, àṣá pòfo. Dípò kí òròmọdìẹ náà dákẹ́, ṣe ló ń han gooro, tó ń fi ẹnu sọ ọ́ lọ́wọ́, tó ń jà láti padà sínú ìdọ̀tí.

Àṣàbí wò ó, ó wo Láóyè. “Ẹ wá wo òròmọdìẹ àti Láóyè bí ìbejì! À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀!”

Wọ́n pín owó. Àṣàbí kọ́ tirẹ̀ sẹ́bàá réluwéè, Láóyè kọ́lé sórí ààtàn. Òjò kan rọ̀, ilẹ̀ rì, ògiri sì là láti òkè délẹ̀.

Ẹni tó bá ń bínú sí ẹni tó ń yọ ọ́ nínú ewu ni àwọn àgbà ń pa òwe yìí fún. Ti Láóyè tilẹ̀ légbá kan sí i: ó sunkún dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́bàá réluwéè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò so mí mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà?”

Àṣàbí gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, gbàà!