Igun Oko Tí Agẹmọ Fojú Fò

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o.
— Àlọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Agẹmọ.

Olè ń jí iṣu àwọn ẹranko. Wọ́n fi Àwòdì àti Ọ̀bọ ṣe olùṣọ́, wọ́n ní kí Agẹmọ máa yan igi tí wọn yóò máa ṣí lọ sórí rẹ̀ láti ṣọ́nà, kí ojú lè kárí oko. Orin ló fi ń darí wọn. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ ṣí, ẹ wo tọ̀tún — Ojú, yí o
Ẹ ṣí, ẹ wo tòsì — Ojú, yí o
Ẹ fojú fo ti àna mi — Ojú, yí o

Ìgbín ni àna rẹ̀. Agẹmọ gbà pé àbùkù ni kéèyàn máa ṣọ́ ẹni tó fún un níyàwó.

Iṣu Ọ̀bọ lọ. Iṣu Àwòdì lọ. Nígbà tí ti Agẹmọ fúnra rẹ̀ lọ, Ọ̀bọ ní, “Ọkọ ọmọ Ìgbín, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àna rẹ lolè.”

Wọ́n wọ́ lọ sí igun oko Ìgbín. Ìgbín jókòó nínú abà òfìfo, ihò Òkété wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Èmi ni Òkété kọ́kọ́ jà lólè, ọ̀dọ̀ mi níbí ló sì ń gbà wọ oko yín. Ìgbà tí ojú yín kì í dé ọ̀dọ̀ mi, mo ní bóyá ẹ ò kà mí mọ́ yín ni.”

Agẹmọ dọ̀bálẹ̀. Ara rẹ̀ pọ́n, ó ṣá, ó di àwọ̀ ilẹ̀. “Ẹ má bínú, Bàbá.”

“Dìde, ọmọ mi. Wò mí.”

Kò lè wò ó. Ìtìjú mú kí ojú kan yí síhìn-ín, kí èkejì yí sọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ló sì wà dòní.

Ẹ̀yin ọmọ, Olúwa tó ń ṣọ́ wa kì í fo ilé ẹnì kankan. Bí mo bá purọ́, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi.